Bàtà Wa ní Puno

Yìnyín ń lu páànù lọ́jọ́ náà,
ó ń ta bí àgbàdo gbígbẹ nínú ìkòkò gbígbóná.
Àwa méjìlá, nọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án, dókítà mẹ́ta,
jókòó nínú kíláàsì tó ń rùn bí irun àgùntàn tó rin omi.
A rò pé wọn ó ka òfin fún wa, ká há a sórí,
ká jẹun ọ̀sán, ká gba ìwé-ẹ̀rí, ká máa lọ.

Eulogia Calsina kò tíì kí wa tán
tó fi pín ìwé káàkiri: ojú ewé mẹ́rin,
lẹ́tà wínníwínní bí ẹyin èèrà.
Èdè Fínlándì ni. Ta ló gbọ́ Fínlándì ní Puno?
“Ẹ fọwọ́ sí i,” ó ní, “ẹ má jẹ́ kó pẹ́,
ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ń dúró níta.”
A sì fọwọ́ sí i.
Gbogbo wa. Èmi tilẹ̀ yá bírò lọ́wọ́ ẹnìkejì mi.

Ó gba ìwé, ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún wa:
“Mo fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda bàtà ẹsẹ̀ mi
títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.
N kò ní béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.”
A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Ó la ẹnu àpò ìrẹsì kan tó ṣófo síwájú wa.

Dókítà Wilber fa ojú ro:
“Ṣé ẹ kò mọ̀ pé òtútù yìí lè pààyàn?”
“Ó wà nínú ìwé,” ni Eulogia wí. “Ojú ewé kẹta.”

Simẹ́ńtì Puno kì í wojú ẹnikẹ́ni.
Òtútù gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.
Ibẹ̀ ni mo ti rántí Màmá Paskuala,
opó tó ń rànwú ní erékùsù,
bí mo ṣe di àtàǹpàkò rẹ̀ mú lọ́dún tó kọjá,
tí mo tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà, tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.
Mo fún un ní ṣúgà kílò méjì.
Mo pè é ní ọpẹ́.
Ó bi mí ní èdè Aimara pé, níbo lẹ̀jẹ̀ òun yóò sùn sí?
Mo ní, “Màmá, ẹ má mikàn.”

Ẹ má mikàn.
Ogún ọdún ni mo ti ń fi gbólóhùn yẹn gúnni lábẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ ọkọ̀ ojú omi.
Mo jókòó sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú rẹ̀.
Mo ní ẹ̀jẹ̀ náà wà lókè òkun, nínú ẹ̀rọ amúǹkantutù.
Fún ọdún mélòó? N kò mọ̀.
Ta ni yóò jèrè rẹ̀? N kò mọ̀.
Ìrànwú ń yí lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbójú sókè.
“Ó pẹ́,” ó ní, “kí o tó mọ̀ pé o kò mọ̀.”

Mo ka ìwé tuntun fún un látòkè délẹ̀.
Mo ní ẹ lè kọ̀, Màmá.
Ó kọ̀.
Ó ní kí wọ́n dá ti àná padà, tàbí kí wọ́n sin ín bí èèyàn.
Ó sì di ọ̀dùnkún gbígbóná sínú aṣọ fún mi.

Nínú ọkọ̀, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ lórí orúnkún mi.
Orúkọ. Ọjọ́ orí. Ìdáhùn.
Ohun tí mo kọ́ ní Puno nìyẹn:
kí n kọ ọ́ bó ṣe kọ̀ ọ́.
Tàdáwà kò tíì gbẹ tí omi adágún fi ta sí i.
Mo fi apá ẹ̀wù gbà á lórí rẹ̀, rọra,
ọ̀dùnkún ṣì ń gbóná mọ́ mi nítan.