Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

Ìṣẹ́jú mẹ́rin wà nínú fóònù mi
tí ẹnikẹ́ni ò tíì bá mi wò.
Mo sọ ọ́ ní "Rìsíìtì Iná",
kí ó má baà wu èèyàn láti ṣí i.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló dáwó jọ, a ní ká ya fíìmù
tí yóò fa àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀pẹ́ jáde nínú ẹ̀ṣẹ̀.
Èmi kọ ọ́, èmi yà á, èmi náà ni mo gé e.
Ẹni tó ń ta yìnyín l'Olúwo ló yá wa ní jẹnẹrétọ̀,
nítorí náà òórùn ẹja wà lára iná
tí a tàn sójú àwọn ẹni mímọ́.

Ìtàn náà kò le: ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan lóyún.
Mosúnmọ́lá la mú, ẹni tí ń ha ìpẹ́ ẹja fún oníbàárà.
Ìpẹ́ kan ṣì ń dán ní ìgúnpá rẹ̀
nígbà tí ìyá inú eré bi í pé, "Ta ló ni ín?"
Mo kọ ọ́ pé kí ó sunkún.
Kò sunkún.
Ó gbójú sókè wo Díákónì Adémúyìwá
tí ń ṣe díákónì nínú eré,
ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀, sà."
Ó wá dákẹ́.
Ó dákẹ́ títí ọkọ̀ ojú omi kan fi kọjá lẹ́yìn ilé.
Ó yẹ kí n pariwo pé ó tó. Ẹnu mi ò yà.

Ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí, Ìyá Ìjọ pín bisikíìtì.
Wọ́n ní, "Ó ṣe é dáadáa o,
àmọ́ kí ni àwọn ará mọ́ṣáláṣí òdìkejì yóò sọ?
Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀mí omi ló fún un lóyún."
Díákónì ló kọ́kọ́ ṣe àmín.
Ẹ̀mí omi: kò nílé, kò níyàwó,
a ò lè ránṣẹ́ pè é kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Bí a ṣe fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, tí à ń pa làpálàpá.
A kun Bàbá Ṣówándé ní ẹfun, a rì í bọ ọ̀sà dé àyà.
Òtútù mú un, ó sín; mo gé ìyẹn náà kúrò.
Èmi ni mo mú kí ohùn rẹ̀ máa dún bí ẹni tó wà nínú àmù.
Pásítọ̀ pariwo lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀mí ṣubú.
Oyún ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò bèèrè oyún.

Alẹ́ Sátidé la ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ilé-ìwé.
Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ ẹ,
ikùn ẹ̀mí omi ń wú, ó ń wálẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀lọ́.
Ààfáà òdìkejì gan-an gbé bẹ́ǹṣì wá,
ó ń jẹ ẹ̀pà, kò sọ ohun burúkú kan.
Mosúnmọ́lá jókòó lórí kíréètì, ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn án, ó tẹ̀ síwájú.
Àwòrán fò fẹ̀rẹ́, bí ojú ṣe ń ṣẹ́.
Ẹni tí kò mọ̀ kò lè rí i.
Ó rí i.
Ó yíjú, ó ń wá mi kiri lẹ́yìn ẹ̀rọ;
iná wà lójú tirẹ̀, òkùnkùn wà lójú tèmi.

Èèyàn mọ́kànlá jáde wá gba Jésù lálẹ́ ọjọ́ náà.
A kọ orúkọ wọn sílẹ̀.
Mo yọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo yọ̀.

Ó di ìgbà ọyẹ́ kí n tó tún ìwé eré náà kà,
lẹ́yìn tí wọ́n ní Mosúnmọ́lá ti lọ s'Íjẹ̀bú-Òde,
pé ara rẹ̀ ni kò yá.
Mo wá "Ẹ̀yin náà mọ̀, sà" títí.
Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Nígbà mìíràn, tí ilé bá ti sùn, mo máa ń ṣí Rìsíìtì Iná.
Ó ń dákẹ́. Ọkọ̀ ń kọjá.
Ní ìṣẹ́jú kẹta, ọwọ́ ọkùnrin kan yọ létí àwòrán,
ó ń tún táì ṣe.
Mi ò pa á rẹ́. Mi ò fi han ẹnì kankan.
Bí fóònù bá fẹ́ kú, mo máa ń dìde lóru
lọ wá ibi tí iná wà.