Kì í Ṣe Èyí

Agogo méje òwúrọ̀, òtútù ń ge etí bí abẹ,
Sarnai tan kọ̀ǹpútà nínú ọ́fíìsì páànù
lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò bàbà, nínú aṣálẹ̀ Góbì.
Àwòrán ilẹ̀ yọ, ó kún fún àmì róbótó-róbótó:
kànga mọ́kànlélógójì,
òpó mẹ́sàn-án tí ń gbóòórùn eruku,
mítà tó ka omi tí ẹ̀rọ ìfọ̀kúta mu lánàá.
Gbogbo wọn ló ní àwọ̀ ewé.
Àwọ̀ ewé, ní ilẹ̀ tí ewé ti di ìtàn.

Òkè òkun ni àwọn tó ń ra bàbà wà.
Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ tó wà á mọ́.
Wọn ò lè wá; wọ́n ní kí iye wá bá àwọn.
Ìdí nìyí tí Sarnai fi ń sọ omi di iye,
tó ń sọ eruku di iye,
tó ń sọ igbe ràkúnmí tó wá omi tì
rárá o.
Ìyẹn kò ní àpótí nínú fọ́ọ̀mù.

Ọjọ́bọ̀ ni Enebish gun alùpùpù dé,
okùn oníkókó kan lọ́rùn rẹ̀.
Enebish: Kì-í-ṣe-èyí ni lédè wọn.
Ọmọ mẹ́ta ti kú kí wọ́n tó bí i;
ìyá rẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ikú lè ṣìnà,
bí tiwa ti ń sọ tiwọn ní Kòsọ́kọ́,
tí à ń parọ́ fún ikú kí ọmọ lè jókòó.

"Kànga kẹtàdínlógún. Ẹ fi hàn mí."
Sarnai tọ́ka: mítà mẹ́fà àtààbọ̀.
Bàbá na okùn sórí tábìlì.
Kókó àkọ́kọ́, ọdún tó gbéyàwó: kò ju ìbú apá méjì lọ.
Kókó kejì, ọdún tí ọkọ̀ ńláńlá kọ́kọ́ dé.
Okùn kọjá tábìlì, ó kọjá àga, ó jáde lẹ́nu ọ̀nà.
Kókó ìkẹyìn ṣì gan fún yìnyín;
òwúrọ̀ yẹn ló ta á.
Ó wo iye tó wà lójú kọ̀ǹpútà,
ó pe orúkọ ara rẹ̀:
"Kì í ṣe èyí."

Sarnai tú ìwé ẹ̀yìn wò.
Láti oṣù kẹta ni ẹ̀rọ inú kànga ti kú.
Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, kọ̀ǹpútà a tún ọ̀rọ̀ àná sọ,
kí àlàfo má baà ba ìròyìn jẹ́.
Oṣù méje gbáko, òkú ń jíṣẹ́,
a sì ń fún un ní máàkì.

Ó pa mẹ́fà àtààbọ̀ rẹ́. Ó kọ mọ́kànlá.
*Orísun iye?* ni fọ́ọ̀mù bi í.
Ó tẹ̀ ẹ́: okùn Enebish.
Fọ́ọ̀mù ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ó tún un tẹ̀.

Tẹlifóònù ti ń dún láti Ulaanbaatar:
èwo ni ti pupa kan ṣoṣo yẹn,
ìròyìn ìdajì ọdún kù ọ̀la?

Bàbá mu tíì oníyọ̀ rẹ̀ tán.
Ó ń ká okùn rẹ̀ bọ̀ láti ìta, díẹ̀díẹ̀.
Sarnai ní kó fi sílẹ̀ fún ẹ̀rí.
Ó ní rárá, ọmọ mi,
òun nílò rẹ̀ lọ́la.