Igbe Inú Àwo

Ọdún kejì tí mo dé Saint Louis,
iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n fún mi nílé àwọn arúgbó:
kí n máa yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ dà, kí n máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn.
Mama Ozella Tarpley ló wà ní yàrá kẹtàlá,
ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin
tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpótí abẹ́ ibùsùn rẹ̀.
Lóru ọjọ́ kan ó bi mí pé, "Ṣé ọwọ́ rẹ kì í gbọ̀n?"
Mo ní kì í gbọ̀n.
Ó ní kí n ṣí i.

Àwo orin kan ṣoṣo, dúdú, ó wúwo bí àwo tánganran,
ó ti ká létí kan bí eyín ọmọ ọdún méje.
Orúkọ ìyá rẹ̀ wà lára bébà àárín, Lavada,
ṣùgbọ́n wọ́n jẹ lẹ́tà kan nínú orúkọ baba,
bí wọ́n ṣe jẹ owó rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe orin.
Àgbàdo ló ń ta nínú iná.
Òjò ni, lórí páànù ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkìrun.
Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan gòkè wá,
kò kánjú, kò bẹ ẹnikẹ́ni,
ó ń sọ ti ọkùnrin tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ
tó sì mú kọ́kọ́rọ́ ilé dání.
Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò yé mi.
Ṣùgbọ́n mo mọ bí obìnrin ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn
nígbà tí kò fẹ́ kí ẹkún ráyè kọjá.

"Àwọn tó ń ṣe àga ni," Mama Ozella wí,
"ní ìlú kékeré kan lápá àríwá.
Wọ́n fẹ́ ta àpótí ẹ̀rọ orin,
ni wọ́n bá ń wá ohun tí wọn yóò fi sínú rẹ̀.
Yìnyín bo ìta, inú yàrá gbóná bí ẹ̀bá ààrò,
kí ìda má baà le.
Ìyá mi kọjú sí fèrè páànù kan,
ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn tí ìjì yí lódì.
Ọkùnrin kan di èjìká rẹ̀ mú látẹ̀yìn:
bó bá fẹ́ han, á fà á sẹ́yìn,
bó bá fẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀, á tì í síwájú.
Dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó parí."

Lójijì, nǹkan gún orin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́,
tín-ín-rín, kò pẹ́ ju ìpajú lọ.
Mo rò pé abẹ́rẹ́ ló họ ọ́.

"Èmi nìyẹn.
Oṣù mẹ́fà ni mí, ìyàwó atẹdùùrù gbé mi dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ebi ń pa mí.
Wọ́n ní èyí bàjẹ́, kó tún un kọ. Ó tún un kọ.
Èyí tó dára ni ayé rà.
Àṣìṣe ẹnì kan ni wọ́n fi tẹ èyí jáde."

Ó ní kí n dá abẹ́rẹ́ padà díẹ̀.
"Gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé igbe yẹn. Kọ́kọ́rọ́.
Ṣé o gbọ́ bó ṣe jìnnà?
Ojú rẹ̀ kúrò lẹ́nu fèrè.
Ó yíjú wò mí."

Kò ní àwòrán ìyá náà. Kò rántí ojú rẹ̀.
Ó ní gbogbo ìgbà tí a bá gbọ́ ọ ni abẹ́rẹ́ ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀,
kí n gbé e kúrò, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Mi ò sọ fún un pé mo ní ọmọ kan ní Ìkìrun.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo ra káàdì tẹlifóònù dọ́là márùn-ún.
Wọ́n ní ó ń tijú, kò fẹ́ sọ̀rọ̀.
Ojú ọ̀nà ohùn ń ta bí àgbàdo.
"Ẹ gbé e sún mọ́ ọn," mo wí,
"kó má sọ nǹkan kan. Kó ṣáà pariwo."