Agolo Létí Omi Òkínní

Fóònù ní ó ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá,
ó tún ní méjìlá,
ó dákẹ́.
Ìbíwùmí ní kí n pa á, kí n fojú wá a.

A ti fi ọ̀kadà sílẹ̀ lẹ́yìn ìsédò,
èèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò mi dé orúnkún.
Omi tẹ́ rẹrẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn;
lékeléke kan dúró lórí kùkùté
bí ẹni tó mọ ibi tí nǹkan wà
tí kò sì ní í sọ.

Abẹ́ òkúta kìíní: ọ̀kùn.
Abẹ́ ìkejì: ike omi tẹ́nìkan mu sọnù.
Láàárín gbòǹgbò ọdán,
agolo mílíìkì tí a fi ọ̀rá wé,
bọ́tìnnì kan nínú rẹ̀, ìkarawun ìgbín,
àti ìwé pélébé tó kún fún orúkọ.

Ìkẹta, a mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn:
bàbá Ìbíwùmí,
tó ní ẹja lòun ń lọ pa ní gbogbo Sátidé,
tí kì í mú ìrù ẹja kan bọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ ti bàbá, gàdàgbà.

Nígbà tí a dé Òkè-Baálẹ̀
ó ní kí n dúró, ó ra ẹja mẹ́ta:
"Bí wọ́n bá bi wá, odò la lọ."