Ikọ́ Kẹta

Páálí indomi ni mo fi ṣe ojú rẹ̀,
dígí méjì tí mo yọ lára awò ojú ìyá mi àgbà,
rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ láti fi dè é mọ́ orí,
àti fóònù Ẹ̀kúndayọ̀ tó ti là ní igun.
Ẹ̀rọ náà nìyẹn, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́tò, ní Mọ̀pà.
Ẹni tó bá gbé e wọ̀ kò sí ní Mọ̀pà mọ́.
Igba náírà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Bátìrì ti bàjẹ́: bí sólà bá kú, ogun parí.

Igbó ló wà nínú rẹ̀, àti àwọn ọ̀tá
tí orí wọn rí róbótó bí ìkòkò.
Ó ku ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìjà.
Èmi? Èmi tí mò ń gba ojú fèrèsé sá nílé-ìwé?

Mo lọ bá Bàbá Ọbajẹmu,
ọdẹ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fi ọ̀pá kan ṣọ́ oko kajú olóko.
Mo ní, "Òkun o, bàbá. Ẹ wá jà fún mi kí n ká a sílẹ̀."
Ó ní ta ni òun yóò bá jà.
Mo ní afẹ́fẹ́.
Ó wò mí títí. "Afẹ́fẹ́ kì í ṣubú, ọmọ mi.
Ẹgbẹ̀rún méjì, àti ẹmu òwúrọ̀."

Mo lẹ bébà funfun mọ́ ìgúnpá rẹ̀, mọ́ orúnkún, mọ́ ọrùn ọwọ́.
Ó na afẹ́fẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ó ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì; igi ìrókò ló wó lù ú nígbà èwe.
Bó bá sì ti nà lẹ́ẹ̀mẹta, á dúró, á tẹ̀ sẹ́yìn,
á wúkọ́,
kó tó tún gbé ọ̀pá.
Mo fẹ́ gé ikọ́ yẹn kúrò. Dátà tán. Mo fi í sílẹ̀.
Mi ò rówó ya ojú fún un pẹ̀lú,
ara lásán ló wà níbẹ̀, òjìji tó ń tiro.

Ọyẹ́ mú bàbá lọ kí ọdún tó yí.
Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí:
kí ló dé tí ọmọ àwọn ń tiro bó bá ń bínú?

Àsìkò kajú dé. Tẹniọlá ń ṣọ́ oko bàbá rẹ̀ lóru.
Inú ẹ̀rọ kò sí ẹ̀gún,
kò sí èso tó ti rà tí ń yọ̀ lábẹ́ sálúbàtà,
ọ̀pá ibẹ̀ kò wúwo,
ọ̀tá ibẹ̀ kò sì mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.
Ti òru yìí mọ̀ ọ́n. Ó gbé àpò lé èjìká, ó mú àdá lọ́wọ́:
"Tẹniọlá, máa lọ sílé."

Ó nà án. Ó tún nà án. Ó nà án lẹ́ẹ̀kẹta.
Ara rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ sẹ́yìn,
ó wúkọ́.
Àdá kọjá níwájú imú rẹ̀,
ó gé ibi tí ọrùn rẹ̀ ì bá wà.

Olè náà kò tún àdá gbé.
"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"
Àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kajú dà sílẹ̀ gbàrà.
"Ta ló fún ọ ní ikọ́ bàbá mi?"

Ní ọjọ́ kejì, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù,
ìwú méjì lórí, igba náírà tó rún lọ́wọ́.
Kò gba ọ̀pá tí mo nà sí i.
Ó wọ páálí náà, ó dúró ní àárín yàrá,
ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ẹnìkan ń rìn yí ká.
Mo sọ fún un pé mi ò lè ya ojú.
Ó ní kí n dákẹ́.

Ìkúùkù bo oòrùn. Sólà kú ní ìṣẹ́jú keje.
Mo rí i tí fóònù ṣókùnkùn.
Kò bọ́ ọ kúrò lójú.