Ogójì Dẹ́sìkì

Mo ṣe ogójì dẹ́sìkì fún ilé-ìwé kan l'Ókè-Ẹlẹ́rìn.
Igi arère ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ apá.
Mo fá a títí tí ẹ̀gún kankan ò fi lè gún ọmọdé lọ́wọ́.
Ọkọ̀ akóyanrìn ló bá mi kó wọn lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin.
Akápò ní kí n kọ lẹ́tà owó, kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.
Mo kọ ọ́. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀:
"Ohun tó wà níbí ni pé o máa ń ṣe dẹ́sìkì.
Kò sọ pé o ti ṣe é. Lọ tún un kọ."
Bẹ́ẹ̀, orí ọ̀kan nínú ogójì ọ̀hún
ló tẹ́ ìwé náà lé tó fi ń kà á.

Lálẹ́, ọmọ mi Ìyùnadé, tó ń múra ìdánwò,
fi pẹ́ńsù mi fa ilà sórí àjákù pákó.
"Bàbá, méèkì lẹ kọ. Méèdì ló yẹ."
Nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú lẹ́tà mi?
Tiwa, tí mo bá ti ní "mo ṣe é", ó parí,
mo ti nu ọwọ́, ẹ kówó wá.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì a máa pààrọ̀ ẹ̀wù
bí ilẹ̀ bá ti ṣú lórí rẹ̀.

Iná ń lọ, iná ń dé, àwa ń bá a lọ.
Ó ní méèkì wà lára àwọn tí kò lè dá dúró;
ẹ dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á bi yín pé kí ni.
Mo ní hàmá nìyẹn. Hàmá tí kò rí ìṣó,
àtàǹpàkò ẹni ló máa lù.
Ó ní àwọn kan kì í wá ẹnikẹ́ni: sílíìpù.
Ẹ sùn, ó tán.
Mo ní Láyíwọlá ọmọọṣẹ́ mi nìyẹn, lọ́sàn-án gangan.

Ísì kì í gbá, kì í gé, kì í gbé;
ó kàn ń lẹ orúkọ mọ́ ìwà ni. Gọ́ọ̀mù.
Háfù àti wíìlì ń di etí pákó kejì mú
kí ọ̀gá lè ráyè rẹ́ ẹ.
Mo ní kí wọ́n fún wọn ní fíríìdọ́ọ̀mù.
Ó ní háfù ti gbà á:
tó bá dá wà, ó ti ní nǹkan tirẹ̀.

Àwọn onígbọràn, ẹ fi dì sí wọn nídìí, wọ́n ti di àná,
bí arère ṣe ń tẹ̀lé ayùn.
Olórí kunkun ni kókó inú apá:
gó ló jáde nílé, wẹ́ǹtì ló wọlé.
Síì, tó bá di àná, a di sọ́ọ̀.
Mo gbé ayùn mi sókè. "Sọ́ọ̀ yìí?"
Ó ní ìpè ló pa wọ́n pọ̀, wọn kì í ṣe ẹbí.
N ò gbà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń wo inú igi;
gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀,
ẹ̀yìn tí mo gé e ni mo rí i.

Kọ́ọ̀tì ló dùn mọ́ mi jù.
Lónìí kọ́ọ̀tì, lánàá kọ́ọ̀tì.
Mo ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lèyí.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé lẹ́tà tuntun lọ.
Méèdì jókòó sínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ tó wọ ihò ṣinṣin.
Akápò mi orí, ó ní ó dára.
Ó san owó ogún,
ó ní ìyókù di sáà tó ń bọ̀.

Mo bi Ìyùnadé: kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe jíjẹ gbèsè?
Ó ní óò.
Ṣé hàmá ni? Hàmá ni, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan lù.
Ṣé onígbọràn ni? Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,
ẹ kàn fi dì kún un, ó di àná.
Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.
N ò fi dì sí i.