Ìwé Ẹ̀rí

Lẹ́tà míì tún dé sí Ìṣọ̀kùn láàárọ̀ yìí:
ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò tó,
kí Dókítà Fọlárànmí wá ẹni tí yóò búra
pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, pé èdè wọn yé e.
Owó ìdánwò, owó ìforúkọsílẹ̀, owó òǹtẹ̀.
Àwọn wo ló wá lóṣòó bí òṣómàáló
sẹ́nu ọ̀nà ọmọ Ìjẹ̀ṣà?

Èmi tí mò ń tọ́jú káàdì aláìsàn,
mo bá a wá ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
Eruku bò mí. Káàdì ìyá mi jábọ́:
ìlà pupa lábẹ́ ìfúnpá, òru tí kò síná,
ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́:
"Mo dúró tì í di ìdájí."

Ṣé wọ́n á gba èyí?
Mo dá a padà sínú àpótí,
mo lu èyí tí wọ́n béèrè lóǹtẹ̀.